Erùpẹ̀ Pápá Bàálù Nínú Agolo Màmá Mi

Ọdún mẹ́rin ni agolo mílíìkì kan fi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá mi nílé wa ní Ojowo, Ìjẹ̀bú-Igbó. Mílíìkì kọ́ ló wà nínú rẹ̀, erùpẹ̀ ni: erùpẹ̀ pupa lásán, irú èyí tí ọmọdé ń fi mọ ilé lẹ́yìn òjò. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dà á nù. Ẹni tó bá ń gbálẹ̀ yàrá náà ní láti rọra gbé agolo sókè, kó gbá abẹ́ rẹ̀, kó sì dá a padà síbi tó wà. Láti pápá bàálù ni a ti bù ú wá, ẹ̀jẹ́ sì wà lórí rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó kó mi níjàánu tí n kò fi da erùpẹ̀ yìí sójú ẹni tó ní kí a bù ú. Ó ṣe mí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ọmọ Òde-Omi ni màmá mi. Etí ọ̀sà ni wọ́n bí wọn sí, níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ọpọ́n ni wọ́n fi ń lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn. Apẹja ni bàbá wọn. Nígbà tí wọ́n lọ́kọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹja yíyan láti Òde-Omi ni wọ́n ń tà, òun ni wọ́n sì fi rán mi lọ sí ilé-ìwé àwọn Mẹ́tọ́díìsì títí mo fi di tíṣà. Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìsìn títí di òní. Gbogbo ohun tí mo jẹ́ láyé, òórùn ẹja yíyan wà lára rẹ̀, mo sì ń dúpẹ́ fún un.

Ohun kan ṣoṣo ni màmá mi tọrọ fún ara wọn lọ́wọ́ Ọlọ́run: kí wọ́n fi ojú ara wọn rí odò Jọ́dánì. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ẹni tó ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ ìsinmi sọ fún wọn pé odò yìí pín sí méjì kí àwọn ènìyàn Ọlọ́run lè fi ẹsẹ̀ gbígbẹ kọjá. Ọmọ etí ọ̀sà mọ ohun tí omi ń jẹ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi ọ̀sà Òde-Omi díwọ̀n odò yẹn. Wọ́n á ní, "Bí ọ̀sà tiwa ṣe fẹ̀ tó yìí, tí a ò tíì gbọ́ ọ rí pé ó pín, báwo ni Jọ́dánì yóò ti fẹ̀ tó?" Wọ́n á mi orí, inú wọn á sì máa dùn.

Mo ti gba ìwé ìrìnnà fún wọn nígbà tí dókítà ojú sọ fún wa pé àìsàn kan ń jẹ ojú wọn láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Ó ní oògùn tí a ń kán sí i kàn ń fà á sẹ́yìn ni, pé èyí tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Tíṣà, ohunkóhun tí Màmá bá fẹ́ rí, ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè rí i." Mo fi orúkọ àwa méjèèjì sílẹ̀ fún ìrìn àjò Jerúsálẹ́mù tí yóò gbéra láti Ìkẹjà lọ́dún náà. A ti ra àpótí. Màmá mi ti yan aṣọ funfun tí wọ́n máa wọ̀ wọ inú omi. Ìgbà náà ni Bàbá Ìjọ gbé pápá bàálù tirẹ̀ dé.

Ilé-ìwé Mẹ́tọ́díìsì ló kọ́ mi, ṣùgbọ́n ìjọ Aládùúrà ni ìdílé wa ń lọ, sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán. Bàbá Ìjọ wa kì í ṣe wòlíì, kì í ṣe olùṣọ́. Òun ni ẹni tó ń jókòó sórí àga ńlá níwájú, tí a máa ń dúró dè kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ló ti fẹ̀yìn tì, níbi tó ti fi ọgbọ̀n ọdún gbé fáìlì láti orí tábìlì kan lọ sórí òmíràn, ohùn rẹ̀ sì ti di ohùn ẹni tó ń ka ìkéde. Kí ẹ má bínú pé "ó" ni mo ń pe àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. Mo ti gbìyànjú láti pè é ní "wọ́n", ẹnu mi ló kọ̀.

Pápá bàálù kékeré kan wà ní apá ibí wa. Wọ́n ní irè oko ni yóò máa kó. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni bàálù ń balẹ̀ síbẹ̀; ewúrẹ́ ló ń lò ó jù. Àwọn ọmọ ìlú tó lẹ́nu láwùjọ wá dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ pé kí wọ́n fẹ ibẹ̀ lójú kí bàálù láti òkè òkun lè máa wá. Wọ́n fi Bàbá Ìjọ ṣe ọ̀kan nínú wọn, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti sinmi. Ọ̀rọ̀ kan wà tó dùn mọ́ ọn lẹ́nu bíi súìtì: "íńtánáṣọ́nà". Ó fi gbàdúrà. Ó fi súre fún ọmọ tuntun. Ó ní kí Ọlọ́run sọ ọmọ náà di íńtánáṣọ́nà, gbogbo wa sì ṣe àmín, ìyá ọmọ náà pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, ó dìde, ó ní ìtìjú ni fún àwa ọmọ Ìjẹ̀bú pé ìlú onílùú la ti ń wọ bàálù lọ sílẹ̀ Mímọ́. Ó ní bàálù àkọ́kọ́ tí yóò fò láti pápá tiwa, Jerúsálẹ́mù ló ń lọ tààrà, ìjọ wa ni yóò sì kó. Gbogbo ilé pariwo halelúyà. Lẹ́yìn náà ló ní kí a lọ jẹ́ ẹ̀jẹ́ lórí ilẹ̀ ibẹ̀ gan-an, kí Ọlọ́run lè mọ̀ pé a kò ṣeré.

A kún bọ́ọ̀sì méjì. A dé pápá náà ní ọ̀sán gangan, àwa pẹ̀lú sùtánà àti ẹsẹ̀ lásán lórí ọ̀dà tó ń jóná. Àbẹ́là tí a tàn, afẹ́fẹ́ ń pa á bí a ṣe ń tàn án. Ọlọ́dẹ kan sáré wá.

"Ẹ̀yin Aládùúrà, ẹ ò gbọdọ̀ tan iná níbí o!"

Bàbá Ìjọ bojú wò ó. "Ṣé o mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀? Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ni mí."

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ̀ ń jóná yẹn, ẹ wo ẹsẹ̀ yín."

Lóòótọ́, ẹsẹ̀ kan ni Bàbá Ìjọ fi ń dúró, ó ń gbé èkejì sókè bí adìyẹ nínú òjò. A ṣí kúrò lórí ọ̀dà lọ sórí ilẹ̀ pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Níbẹ̀ ló ti sọ ẹ̀jẹ́ náà sí wa lẹ́nu: pé títí bàálù láti ilẹ̀ òkèèrè yóò fi balẹ̀ sórí ilẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní gba ìlú onílùú lọ sókè òkun. Ó ní kí kálukú bu ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀, kó tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn rẹ̀, kó sì dá a padà síbi tó ti bù ú lọ́jọ́ tí Ọlọ́run bá ṣe é. Màmá mi kúnlẹ̀, wọ́n bu tiwọn sí etí aṣọ orí wọn, wọ́n sì dì í. Èmi náà ṣe àmín. Mo kàwé, mo mọ ohun tí dókítà sọ, mo sì ṣe àmín, nítorí pé gbogbo ènìyàn ń ṣe é. Nígbà tí mo bá ń gan Bàbá Ìjọ, mi ò yọ ara mi sílẹ̀.

A fa orúkọ wa yọ nínú ìrìn àjò ọdún náà.

Katakatá dé ní ọdún àkọ́kọ́, ó hú igi, ó lọ. Lẹ́yìn náà ni pátákó dé. N kò tíì rí ibi tí wọ́n ti fẹ́ràn pátákó tó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó mọ ògiri tí yóò yí pápá ká, wọ́n ti ri pátákó kan tó tóbi ju ilé wa lọ mọ́lẹ̀, bàálù ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin kan ń fò lórí rẹ̀, "íńtánáṣọ́nà" sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ewúrẹ́ ń sùn níbi òjìji rẹ̀. Ìgbìmọ̀ a máa lọ yẹ ibẹ̀ wò. Wọ́n á wọ fìlà ike lórí fìlà aṣọ òkè, wọ́n á na ìka sí ibi tí kò sí nǹkan kan, wọ́n á sì ya fọ́tò. Bàbá Ìjọ lẹ ọ̀kan nínú fọ́tò náà mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ orin. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń sọ fún wa pé "oṣù mẹ́ta péré ló kù." Oṣù mẹ́ta rẹ̀ dà bí ojú ọ̀run, bí o bá ṣe ń sún mọ́ ọn ló ń sún sẹ́yìn.

Ojú màmá mi kò mọ̀ pé a ń dúró. Wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí fi èjìká kọlu férémù ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà wọ́n di ìwé orin mú ní ìdojúdé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ gbogbo rẹ̀ lórí, nítorí náà kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi èmi. Ní ọdún kejì, mo rí wọn tí wọ́n ń da tíì sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀bù, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ń bu omi fún àlejò.

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká gba Ìkẹjà lọ. Ọlọ́run mọ ọkàn."

"Ọlọ́run mọ ọkàn, ó sì gbọ́ ẹnu. Ṣé ẹnu mi kọ́ ló jẹ́ ẹ ni?"

"Ẹ̀jẹ́ tí Bàbá Ìjọ sọ sí wa lẹ́nu?"

"Ẹnu ta ló gbé e mì?"

"Màmá, ojú yín ńkọ́?"

"Ojú mi, Ọlọ́run ló ni ín. Ẹ̀jẹ́ mi, èmi ni mo ni ín." Wọ́n na ọwọ́, wọ́n wá orí mi títí wọ́n fi rí i. "Lọ nu tábìlì, ọmọ mi. Tíì ń kán sílẹ̀, mò ń gbọ́ ọ."

Ọdún kẹta ni àṣírí tú. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àga ńlá iwájú ṣófo. Wọ́n sọ fún wa pé Bàbá Ìjọ wà lórí òkè àdúrà, pé ó ń gbààwẹ̀ nítorí pápá bàálù. A fi ọjọ́ mẹ́ta bá a gbààwẹ̀. Màmá mi gba tiwọn láìfi omi kan ẹnu. Nígbà tó dé, ó ti sanra, ara rẹ̀ ń dán. Mo rò ó pé ààwẹ̀ orí òkè náà dára o.

Ìjọ wa ní àṣà kan tó lágbára ju Bàbá Ìjọ lọ: ẹni tó bá rìnrìn àjò tó bọ̀ láyọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí. Ẹni tó bá pa ẹ̀rí mọ́, a gbà pé ó jí ògo Ọlọ́run gbé. Ìyàwó Bàbá Ìjọ jẹ́ obìnrin tó bẹ̀rù Ọlọ́run dé eegun. N kò mọ ohun tí ọkọ rẹ̀ ti bá a sọ nílé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí a pè fún ẹ̀rí, obìnrin náà bọ́ síwájú, ó ń jó, ó ń sunkún ayọ̀.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó gbé bàbá lọ, tó gbé bàbá bọ̀! Ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bí ìbejì, bàbá fọwọ́ ara wọn sọ wọ́n lórúkọ! Bàálù gbọ̀n jìgìjìgì lójú sánmà, ṣùgbọ́n Ọlọ́run Ìkẹjà ni Ọlọ́run Lọ́ńdọ̀nù! Ẹ bá mi ṣe halelúyà!"

Halelúyà kò wá. Ìyá arúgbó kan lẹ́yìn béèrè sókè pé, "Orí òkè wo ló wà ní Lọ́ńdọ̀nù?" Àwọn akọrin bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Ìjọ na ọwọ́ láti fa ìyàwó rẹ̀ lásùtánà, obìnrin náà rò pé ó fẹ́ bá òun jó ni, ló bá di ọwọ́ náà mú, ó ń fì í.

Mo dúró dè é lẹ́yìn ìsìn.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀ láti òkè."

Ó fi ohùn ìkéde dá mi lóhùn. "Sístà, ìwọ tíṣà, ó yẹ kó yé ọ. Èmi kọ́ ni mo lọ. Àwọn ọmọ ló ra tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn ni wọ́n rán mọ́tò wá. Wọ́n gbé mi lọ ni. Ẹni tí wọ́n gbé, kò rìn."

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá màá rí ibi tí ojú ti ń tì í. N kò rí i. Mo gbé ìbínú mi mì, nítorí pé mo nílò nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ìjọ wa, ẹni tó sọ ẹ̀jẹ́ síni lẹ́nu ló lè tú u lórí ẹni. Mo kúnlẹ̀. Àní mo kúnlẹ̀ fún un.

"Ẹ tú ti màmá mi. Ti àwọn nìkan. Ojú wọn ń lọ."

"Háà. Ẹ̀jẹ́ àjùmọ̀jẹ́ ni. Bí mo bá tú ti ẹnì kan, kí ni màá sọ fún àwọn yòókù? Kí ni ìgbìmọ̀ máa sọ? Sọ fún Màmá kí wọ́n ní sùúrù. Oṣù mẹ́ta péré ló kù."

Mo dìde, mo gbọn eruku orúnkún mi. Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn fún màmá mi, mo retí pé wọ́n máa bínú. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ìyàwó tó ń fì ọwọ́ ọkọ rẹ̀, wọ́n ní kí n tún un sọ. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ó ti da tirẹ̀. Tèmi ṣì wà nínú agolo."

Oṣù mẹ́ta náà gba ọdún kan ó lé. Lákòókò yẹn ni màmá mi kò rí nǹkan kan mọ́ àfi ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé.

Ìkéde dé níkẹyìn pé bàálù àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè ń bọ̀. Wọ́n na tẹ́ǹtì. Àwọn ọmọ ilé-ìwé wá láti Japara pẹ̀lú àsíá. A jókòó láti àárọ̀, àwọn ènìyàn ńlá ń bọ́ sídìí gbohùngbohùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú ń sọ bí òun nìkan ṣe gbé pápá náà lórí. Lẹ́yìn ọ̀sán ni a gbọ́ ìró kan. Bàálù kékeré kan já wálẹ̀ bí lékeléke, ó sá, ó dúró. Ènìyàn méje ló sọ̀ nínú rẹ̀, gbogbo wọn wọ kóòtù. Wọ́n bọ ọwọ́, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n mu ohun ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n tún wọlé padà. Ọ̀rọ̀ ìkíni alága ìgbìmọ̀ gùn ju ìdúró wọn lọ.

Màmá mi di apá mi mú. "Ṣé ó ti balẹ̀?"

"Ó ti balẹ̀, Màmá."

"Ilẹ̀ òkèèrè wo ló ti wá?"

"Wọ́n ní Kùtọnu ni."

"Kùtọnu tó wà lẹ́yìn Àjàṣẹ́?"

"Òun ni."

Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín títí gèlè wọn fi yẹ̀. "Bàbá mi ń wa ọkọ̀ ọpọ́n dé Àjàṣẹ́ lọ ta ẹja! Wọn ò ri pátákó kankan mọ́lẹ̀!" Àwọn tó wà ní ìjókòó iwájú bojú wẹ̀yìn. Màmá mi nu ojú wọn, wọ́n ní, "Òkèèrè náà ni ṣá. Kì í ṣe Nàìjíríà. Gbé agolo wá."

Mo mú wọn rìn dé ibi tí a ti bu erùpẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Ọ̀dà ti bo ibẹ̀. Màmá mi bọ́ bàtà, wọ́n fi ẹsẹ̀ wá etí ọ̀dà títí wọ́n fi tẹ ilẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ṣí agolo. Ọlọ́dẹ kan ké láti ọ̀ọ́kán.

"Màmá! Ẹ má da dọ̀tí síbẹ̀ o! Íńtánáṣọ́nà ni ibí yìí o!"

"Ẹ̀yin náà lẹ ni ín, ọmọ mi," ni màmá mi wí. "Mo wá dá a padà ni."

Bàbá Ìjọ ti rí wa. Ó ń bọ̀ kánkán, káàdì ìgbìmọ̀ ń jù fìrìfìrì lọ́rùn rẹ̀. "Màmá, ẹ má kánjú. Èyí kàn jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀. Ti Jerúsálẹ́mù ń bọ̀ tààrà láìpẹ́. Ẹ jẹ́ ká jọ..."

Màmá mi da erùpẹ̀ tó kẹ́yìn sílẹ̀, wọ́n gbá ìdí agolo. "Bàbá Ìjọ, ẹ̀jẹ́ mi pé. Ọlọ́run rí i. Ẹ lọ wo tiyín."

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni a gba Ìkẹjà lọ.

Mo fẹ́ sọ òtítọ́ nípa odò Jọ́dánì. Kò fẹ̀. Ní ibi tí wọ́n mú wa dé, ọmọ ilé-ìwé mi kan lè ju òkúta láti ìhín sí ọ̀hún. Omi rẹ̀ pọ́n bí omi àgbàrá. A sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn igi, mo di màmá mi mú nínú aṣọ funfun tí wọ́n ti yàn ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Omi dé wọn ní orúnkún. Wọ́n bù ú sójú. Wọ́n gbàdúrà fún mi, fún àwọn ọmọ mi, wọ́n sì gbàdúrà fún Bàbá Ìjọ, èyí tí n kò ṣe àmín sí.

Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ó yá, sọ fún mi. Ó fẹ̀ tó ọ̀sà wa?"

Mo ronú láti parọ́. "Rárá, Màmá."

"Ó fẹ̀ tó ìdajì?"

"Màmá, ó kéré sí ibi tí ẹ ti ń so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ní Òde-Omi."

Wọ́n la ẹnu. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín tó mì wọ́n lára débi pé mo ní láti fi ọwọ́ méjèèjì gbá wọn mú kí odò má baà gbé wọn. Àwọn ará Gánà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa rò pé ẹ̀mí ló gbé wọn. "Èyí ni mo ti ń díwọ̀n láti kékeré! Ọlọ́run ò! Odò tí ọmọ Òde-Omi máa fò kọjá!" Nígbà tó rọlẹ̀, wọ́n yí ojú sí ibi tí ìró omi ti ń wá, ojú tí kò rí nǹkan kan. "Ká ní mo rí i ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín ju báyìí lọ."

Wọn kò sọ ọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Èmi ni n kò lè gbàgbé.

Nígbà tí a dé, Bàbá Ìjọ wá kí wa nílé. Ó jókòó, ó mu omi, ó ní òun dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀: tí n bá ń jẹ́rìí lọ́jọ́ ìsinmi, ṣé n kò ní dárúkọ Ìkẹjà? Ó ní nítorí ìlú ni, àwọn ìgbìmọ̀ ń bọ̀ wá bá wa jọ́sìn. Ó ní kí n kàn sọ pé a lọ, a sì bọ̀. Mo ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá." Inú rẹ̀ dùn, ó lọ.

Ní ọjọ́ ìsinmi, àwọn ìgbìmọ̀ wà ní ìlà iwájú pẹ̀lú káàdì lọ́rùn. Wọ́n pè fún ẹ̀rí. Mo di ọwọ́ màmá mi mú, a jó dé iwájú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó mú wa lọ láyọ̀, tó mú wa bọ̀ láyọ̀. Mo sọ pé láti Ìkẹjà la ti wọ bàálù. Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún ìjọ pé nígbà tí a kọ́kọ́ ra àpótí wa, kí a tó lọ jẹ́ ẹ̀jẹ́ ní pápá bàálù, màmá mi ṣì ń rí ojú abẹ́rẹ́ ki òwú bọ̀ ọ́.